Ìwé Àwìn: Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníṣòwò Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

Ẹ̀yin oníṣòwò ìlú Ọ̀wọ̀ àti gbogbo agbègbè Ọ̀sẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àti ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ ní Ọjà Ọba àti ní etí títì Ìfọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà pípẹ́. Ó yẹ kí n sọ ọ́ kí ìgbà kòkó tó tún dé, nítorí ìgbà náà ni owó máa ń pọ̀ níta, tí kò sì sí ẹni tí ń ráyè wo ìwé.

Kì í ṣe oníṣòwò ni mí. Akọ̀wé ni mí. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní ilé-ìwé, iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ iye owó tí ó wọlé sí apá kan, kí n sì máa kọ iye tí ó jáde sí apá kejì. Ẹlòmíràn lè bi mí pé, kí ni akọ̀wé mọ̀ nípa ọjà títà? Ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti rí ìwé owó púpọ̀ tí àìsàn ti wọ̀ lára kí ẹni tí ó ni ín tó mọ̀, mo sì ti bá àwọn kan sin òkú òwò wọn.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin kan wà ní ọ̀nà tí mo máa ń gbà lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀kan ń ta aṣọ, ọ̀kan ń ta ìṣó àti páànù, méjì ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti kẹrosíìnì. Lónìí kò sí ẹyọ kan nínú wọn. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tí ó pa wọ́n. Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n ní ọ̀tá ni. Wọ́n ní ọkùnrin aláṣọ náà fẹ́ ìyàwó jù. Èmi kò bá wọn jiyàn nípa ayé, nítorí a kì í kọ ọ́ sínú ìwé owó. Ohun tí mo rántí dájú ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí tí ó kú nítorí pé ọjà kò tà. Ọjà ń tà gan-an ni. Èmi fúnra mi máa ń tò sí ẹ̀yìn àwọn ènìyàn kí n tó ra ṣúgà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìyá kan tí ń ta ọjà wẹ́wẹ́ ní ìlú wa ránṣẹ́ pè mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti wà nídìí òwò náà. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ wọ́n, wọn kì í sì í pariwo mọ́ oníbàárà. Nígbà tí mo dé, wọ́n fún mi ní àga, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ọmọ mi, bá mi wò ó o. Ọjà mi ń tà láàárọ̀, ó ń tà lálẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ lọ ra òmíràn, n kì í rí owó tó. Àbí ẹnìkan ń jí mi lówó ni?"

Mo ní, "Ìyá, ẹ mú ìwé yín wá ná."

Ìwé kan tí ọmọ wọn ti lò tì ní ilé-ìwé ni wọ́n mú jáde láti abẹ́ tábìlì, tí wọ́n fi okùn so. Mo ṣí i. Mo rí "Ìyá Ìbejì, mílíìkì 2." Mo rí "Ìyàwó tíṣà, ìrẹsì." Mo rí "Bàbá oníkẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀." Mo rí "Ọmọ Ìpele tí ó pupa," kò sì sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀; bóyá ọṣẹ ni ó rà, bóyá òróró ni, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀. Kò sí ọjọ́, kò sí iye owó, kò sí ìlà tí a fà sí èyí tí wọ́n ti san. Mo bi wọ́n bóyá Ìyá Ìbejì ti san tirẹ̀. Wọ́n ní, "Èwo nínú wọn?" Nítorí Ìyá Ìbejì mẹ́ta ni ó wà ní àdúgbò náà.

A jókòó ti ìwé yìí láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá náà rántí ju bí mo ti rò lọ, nítorí orí àwọn ìyá wa ju ìwé ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n orí a máa rẹ̀, ìwé kì í rẹ̀. Nígbà tí a ró gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ju iye ọjà tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ. Olè kankan kò wọ ibẹ̀. Ìyá náà ni ó fi ọwọ́ ara wọn kó ọjà jáde, tí àwọn tí ń gbà á sì ń dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe wò ó. Bí ẹ bá ra páálí ọjà kan ní ₦20,000, tí ẹ sì tà á ní ₦22,000, èrè yín jẹ́ ₦2,000. Bí ẹnìkan bá gba irú páálí bẹ́ẹ̀ láwìn tí kò sì san án mọ́, ₦20,000 ojú owó yín ni ó bá a lọ. Páálí mélòó ni ẹ óò tà lówó lọ́wọ́ kí èrè wọn tó dí ihò náà? Mẹ́wàá. Ẹ óò gbé páálí mẹ́wàá wálé, ẹ óò san owó ọkọ̀ wọn, ẹ óò jókòó tì wọ́n nínú ooru, kí ẹ tó padà sí ibi tí ẹ wà kí oníbàárà kan ṣoṣo náà tó wọlé. Mo kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé fún ìyá. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Mẹ́wàá?" Mo ní, "Mẹ́wàá ni, Ìyá." Wọ́n dákẹ́, wọ́n sì gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà mọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé oògùn rẹ̀ kò le: kí á kọ ọ́ sára ògiri pé, kò sí àwìn lónìí, ẹ wá lọ́la. Mo ti rí i lára ògiri púpọ̀, mo sì ti rí oníṣọ́ọ̀bù tí ó dúró lábẹ́ àkọlé náà gan-an tí ó ń wọn ìrẹsì fún aláwìn. Ní ilẹ̀ tiwa yìí kò ṣe é ṣe. Agbẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà Ìfọ́n kì í rí owó lóṣooṣù. Kòkó ni owó rẹ̀, kòkó sì máa ń pọ̀ jù láti nǹkan bí October títí dé January; èyí tí ń so láàárín ọdún kò tó nǹkan. Nínú àwọn oṣù tí ó kù, ọmọ yóò jẹun, ọmọ yóò sì lọ sí ilé-ìwé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ pẹ́ náà wà níbẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tí ó bá ní òun kò ní ta àwìn rárá, eṣinṣin ni yóò máa lé. Àwìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwìn tí a kò kọ, tí a kò dá ọjọ́ fún, tí a kò sì lọ béèrè, òun ni ó ń pa òwò.

Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà ni ó kọ́ ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀kọ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àwọn tí wọ́n kọ́ kò dùn sí i. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ-ogun Kírìjì tú ká ní ọdún 1893, tí ọ̀nà sì là, àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí di aṣọ lẹ́rù. Wọ́n ń kiri láti ìlú dé ìlú àti láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń tà á láwìn kí ẹni tí ó rà á máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò yọ, oníṣòwò náà yóò lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, yóò sì búra pé òun kò ní jókòó, òun kò sì ní dìde: òṣó ni òun yóò ló títí owó òun yóò fi pé. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti sọ wọ́n ní Òṣómàáló.

Ẹ̀rín ni a ń fi orúkọ náà rín, ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Òṣómàáló mọ ilé ẹni tí ó ta aṣọ fún, nítorí bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹnu ọ̀nà ta ni yóò lóṣòó sí? Ó ti ka ìdúró rẹ̀ mọ́ iye aṣọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó gbà láwìn kò san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó san lójú ẹsẹ̀. Ó mọ ìgbà tí owó yóò wọ ọwọ́ agbẹ̀, kì í lọ béèrè nígbà tí àká ṣófo. Ó sì ní ọmọṣẹ́ tí ń bá a rìn, tí ó mọ onígbèsè kọ̀ọ̀kan bí ọ̀gá rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, tí ọ̀gá yóò sì dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan kí ó lọ máa ṣe tirẹ̀. Nígbà tí òwò kíkiri náà ń dínkù lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, àwọn mìíràn ti di olùrà kòkó tàbí ọlọ́kọ̀. Ìlóṣòó ti sọ wọ́n di onílé.

N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀ ní ayé òde òní; ọlọ́pàá yóò bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè ṣe bí ìyá yìí ti ṣe. Wọ́n ra ìwé tuntun, mo sì fa ìlà sí i: ọjọ́, orúkọ pípé àti ilé, ọjà àti iye rẹ̀, ọjọ́ tí yóò san. Olúwarẹ̀ yóò wo ohun tí a kọ kí ó tó gbé ọjà. Ẹni tí kò bá tíì san ti àkọ́kọ́ kò ní gba èkejì, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ará ilé tó. Èyí ni ó ṣòro fún wọn jù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni mẹ́ta bínú, ẹnìkan sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ó wà lódìkejì. Ìyá fẹ́ sunkún. Mo bi wọ́n pé èló ni ẹni tí ó lọ náà jẹ wọ́n. Nígbà tí wọ́n sọ iye rẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù kejì gbádùn rẹ̀.

Àwọn gbèsè àtijọ́ ńkọ́? Wọ́n dúró di ìgbà kòkó, wọ́n sì ránṣẹ́ pẹ̀lẹ́. Ẹnìkan san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ojú ni ó ń ti òun láti wá. Ẹnìkan fi iṣu san. Àwọn mìíràn sẹ́ pátápátá, kò sì sí ohun tí a lè ṣe, nítorí ìwé tí ó ní "tí ó pupa" kò lè jẹ́rìí níbi kankan. Èyí tí kò lè padà mọ́, mo ní kí wọ́n fa ìlà pupa sí i kí wọ́n má ṣe kà á mọ́ owó wọn mọ́.

Ẹ gbọ́ bí púpọ̀ nínú àwìn àìníorúkọ wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀. Ní 26 October 2022, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Tuntun jáde ní 15 December. Nígbà tí ó fi di February 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gba ti àtijọ́ mọ́, tuntun kò sì kárí. Gbogbo wa ni a rántí bí a ti ń tò ní ẹnu báńkì, tí a sì ń ra owó lọ́wọ́ oníPOS bí ẹni ra epo. Ní 3 March 2023 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní kí á máa ná ti àtijọ́ lọ títí di 31 December. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, oníṣòwò tí ó lè gba owó sínú báńkì láti orí fóònù ń tà. Ẹni tí kò lè gbà á ń wo ojú ọ̀nà, tàbí kí ó ta àwìn. Àwìn ni ó gba ẹlòmíràn là nígbà náà, nítorí ẹni tí ó kọ tirẹ̀ rí i gbà nígbà tí owó padà. Ìyá tiwa fi àánú ta tiwọn ní kíákíá, wọn kò ráyè kọ ọ́ dáadáa. Ọmọ Ìpele náà, oṣù February ọdún 2023 ni ó dé.

Àrùn kejì tí mo rí nínú ìwé náà kì í ṣe ẹ̀bi wọn, ṣùgbọ́n ó burú ju àwìn lọ, nítorí pé ó wọ aṣọ èrè. Ní 29 May 2023 ni ìjọba kéde pé òun kò ní fi owó kún owó epo bẹntiróòlù mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan fò láti abẹ́ ₦200 sí òkè ₦480. Ní June, wọ́n jẹ́ kí náírà wá ipò tirẹ̀ lọ́jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, ó sì wálẹ̀. Láti ìgbà náà, ọjà tí a rà lóṣù yìí kì í jẹ́ iye kan náà lóṣù tí ń bọ̀. Ẹ padà sí páálí wa. Ẹ rà á ní ₦20,000, ẹ tà á ní ₦22,000, inú yín dùn, ẹ fi ₦2,000 ra ẹja wálé. Nígbà tí ẹ padà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ọjà fún yín, ó ní ₦25,000 ni báyìí. Ẹ kò jèrè rárá. ₦5,000 ni ó kù tí ẹ óò wá kí páálí kan tó di páálí kan. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ṣe ń dínkù: páálí mẹ́wàá di mẹ́jọ, mẹ́jọ di mẹ́fà, tí ẹni tí ó ni ín sì ń kọ èrè sínú ìwé lójoojúmọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá iye lé ọjà, ẹ má ṣe béèrè èló ni mo rà á nìkan. Ẹ béèrè èló ni n óò tún rà á. Fóònù wà lọ́wọ́ yín; ẹ pe ẹni tí ń tà fún yín láàárọ̀ kí ẹ tó ṣí ìlẹ̀kùn. Àwọn oníbàárà yóò kùn, ṣùgbọ́n ìkùn wọn sàn ju kí wọ́n wá lọ́la kí wọ́n bá àtẹ òfìfo.

Bí ọjà bá ń wọ́n, kò burú. Bí ó bá lọ sókè tí ó tún já wálẹ̀, níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo kòkó. Láti ọdún 1947 ni àjọ ìjọba tí ń ra kòkó ti ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Ní 1986 ìjọba tú irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ ká, láti ìgbà náà sì ni ọjà òkèèrè ti ń sọ̀rọ̀ tààrà sí àwa tí a wà nínú igbó níbí. Ní December 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $12,000 ní ọjà New York, irú èyí tí a kò rí rí. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Àwọn baba wa rí irú rẹ̀: lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, owó ọjà ilẹ̀ wa ga sókè ní 1919, ó ga ní ìbẹ̀rẹ̀ 1920, kí ọdún náà tó tán ó já lulẹ̀, ó sì wó àwọn oníṣòwò ńláńlá tí wọ́n ti fi owó yíyá ra ọjà kún ilé. Ní ọdún tí kòkó dára, gbogbo ènìyàn a máa rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ. Oníṣọ́ọ̀bù a yá owó, a di ọjà olówó iyebíye kún inú ilé, nítorí àwọn agbẹ̀ ń rà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìgbà náà gan-an ni ó yẹ kí á gba gbèsè, kí á sì san èyí tí àwa náà jẹ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n wọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì yín díẹ̀, kí ẹ má bínú. Dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà. Láti inú rẹ̀ ni a ti ń ra ọjà, láti inú rẹ̀ ni a ti ń san owó ilé-ìwé, láti inú rẹ̀ náà ni aṣọ ẹbí ti ń jáde. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra aṣọ ẹbí. Bí oṣù September bá dé tí Igógó sì ń bọ̀, ta ni yóò ní kí ọmọ Ọ̀wọ̀ jókòó sílé? Ohun tí mo wí ni pé kí oníṣòwò dá owó oṣù fún ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti lè dá a fún ọmọṣẹ́, kí ó sì kọ ọ́. Inú owó yìí ni kí aṣọ ẹbí ti wá. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Ẹni tí kò bá lè gba ara rẹ̀ gbọ́ pẹ̀lú dúrọ́ọ̀, kí ó jẹ́ kí alájọ gbé e kúrò níbẹ̀ lójoojúmọ́. Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ni alájọ ń gbà fún wàhálà rẹ̀, kò sì wọ́n. Èsúsú dára fún ẹni tí ó fẹ́ kó owó ńlá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá mọ àwọn tí wọ́n jọ ń dá a. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí òfin ti mọ̀ ní ilẹ̀ wa láti ọdún 1935, dára ju méjèèjì lọ fún yíyá owó, nítorí àwọn tí yóò yá yín mọ̀ yín, wọ́n sì ní ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń yá ni lówó lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Òṣómàáló ayé òde òní ni púpọ̀ nínú wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọn kò mọ ilé yín, nítorí náà gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú fóònù yín ni wọ́n ń lóṣòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sì forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ C.A.C., kí ẹ lè ṣí ìwé báńkì ní orúkọ òwò náà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń bẹ̀rù owó orí. Èmi ń bẹ̀rù dúrọ́ọ̀ jù.

Kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ òwò ní agbègbè wa tí kò ní mẹ́nu ba ọ̀nà. Ní 26 November 2020 ni a pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Adégòkè Adéuṣì, ní Ẹlẹ́gbẹ́ka, lórí ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà lọ ra ọjà. Ní 5 June 2022, ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, a pa àwọn ènìyàn tí ó lé ní ogójì nínú ìjọ Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ níbí. N kò ní fi irú ọ̀fọ̀ báyìí ṣe àpẹẹrẹ òwò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń rìn mọ̀ pé ẹ̀rù ti di apá kan nínú owó ọkọ̀. Ẹ má ṣe gbé owó rìn mọ́ bí ẹ bá lè fi í ránṣẹ́ láti báńkì. Bí oníṣọ́ọ̀bù mẹ́rin bá ń ra irú ọjà kan náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ kan kó ti gbogbo wọn wá, kí á sì pín owó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sì bi ara wa ní ìbéèrè tí ẹnu ń wúwo láti sọ: bí oníṣòwò náà kò bá padà láti ìrìn-àjò rẹ̀, tàbí bí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ta ni ó mọ ibi tí ó ti ń ra ọjà, èló ni ó jẹ, ta ni ó jẹ ẹ́? Mo gbàgbọ́ pé ohun tí ó pa ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ìgbà èwe mi nìyẹn. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà wà nínú orí ẹnìkan, nígbà tí a sì sin ín, a sin ín tòun ti ṣọ́ọ̀bù. Ní Ọ̀wọ̀ àtijọ́, àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun aṣọ ìbílẹ̀ wa lórí òfì tí ó dúró ṣánṣán; ọmọbìnrin jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà fi mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ikú ìyá kan kò fi pa iṣẹ́ náà. Àwa tí a ń tajà lónìí, ọmọ wa kì í jókòó tì wá. A ní kí ó lọ kàwé, kí ó má jìyà bí tiwa. Nígbà tí ó bá kàwé tán, kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí ó rán an lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè fi ṣọ́ọ̀bù kún un.

Ìyá wa ní ọmọbìnrin kan tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, tí ó sì ń retí iṣẹ́. Mo bẹ ìyá pé kí wọ́n fi ìwé tuntun náà lé e lọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní kì í ṣe nítorí kí ó lè jókòó sídìí ìrẹsì ni wọ́n ṣe rán an ní ilé-ìwé. Mo ní kí wọ́n fún un ní oṣù mẹ́ta péré, kí wọ́n sì san owó oṣù fún un. Oṣù mẹ́ta náà ti kọjá tipẹ́. Òun ni ó ń pe àwọn tí ń ta ọjà fún wọn láàárọ̀; òun ni ó sọ fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ọṣẹ kan kò mú èrè wá mọ́, tí wọ́n sì jáwọ́ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń retí kò tíì dé, ṣùgbọ́n kò béèrè rẹ̀ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, mo yà síbẹ̀ láti kí wọn. Inú mi dùn bí mo ti rí i pé ọjà kún àtẹ dé òkè. Mo fẹ́ fa àga kan sọ́dọ̀ ara mi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ ilé, nígbà tí ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi, tí ó sì ṣí ìwé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mílíìkì 2 àti ṣúgà 1 ni mo rí ní orúkọ yín. Ọjọ́ tí ẹ dá ti kọjá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn."

Mo wo ìyá rẹ̀. Ìyá ń tò páálí, wọn kò wẹ̀yìn.

Mo san án. Ó fa ìlà sí i, ó kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gbé àga fún mi.